Hajia Hàjàrá Àṣàbí Ọládipọ̀, Ẹni Tó Gbé Ilé Kéú Lọ Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Aláìsàn

Ìtàn ìgbésí ayé Màmá wa, láti ọwọ́ ẹbí Ọládipọ̀ àti ẹbí Bákàrè, fún àdúrà ogójì ọjọ́ ní Asawase, Kumasi, ọjọ́ Jímọ̀, 19 oṣù Kẹta, ọdún 1999

Ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò nílùú Kumasi, ni a ti bí Hajia Hàjàrá Àṣàbí Ọládipọ̀, ní ọjọ́ Àlàrùbá, 12 oṣù Kẹta, ọdún 1941. Bàbá wọn ni Alhaji Bákàrè Àlímì, ọmọ agboolé Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́, oníṣòwò aṣọ ní ọjà ńlá Kumasi. Ìyá wọn ni Ojúọlápé, ọmọ Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń ta abọ́ tánganran nínú ọjà kan náà, tí ohùn wọn sì ti máa ń ta abọ́ náà kí oníbàárà tó fojú kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí Màmá ti rí ẹnu, kó má wulẹ̀ wá a jìnnà. Nítorí pé ọjọ́ Àlàrùbá ni wọ́n wá sáyé, àwọn ará Asante ládùúgbò sọ wọ́n ní Akua láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára. Hajia Akua ni ẹlòmíràn nínú yín mọ̀. Kò sí wàhálà, ẹnì kan náà ni.

A ò ní purọ́ mọ́ òkú. Ìwé òkú mìíràn á ní olóògbé kò bínú rí, pé kò gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni rí. Kì í ṣe Màmá tiwa nìyẹn. Màmá bínú, wọ́n pariwo, wọ́n tún rẹ́rìn-ín ju bí wọ́n ti bínú lọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, ó wà láàárín yín, ó sì mọ ohun tó ṣe tí wọ́n fi pariwo mọ́ ọn.

Nígbà tí Màmá wà ní kékeré, ìdílé náà kó lọ sí Asawase, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti wọ ilé kéú lọ́dọ̀ Alfa Táhírù, lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹ jẹ́ ká sọ bí Alfa ṣe ń kọ́ èèyàn dáadáa, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí ti jáde. Alfa á kọ ẹsẹ díẹ̀ sára wàláà rẹ, ìyẹn pátákó onígi tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ àti wàláà yẹn lẹ jọ máa gbé. Kò sí pé kíláàsì ń lọ, kí ìwọ náà máa wọ́ tẹ̀ lé e. Bí o kò bá lè ka ohun tó wà lára rẹ̀ lójú Alfa, kí o kà á lẹ́yìn Alfa, kí o tún kà á nígbà tí ewúrẹ́ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ kọjá, Alfa kò ní jẹ́ kí o fomi fọ̀ ọ́ láti gba òmíràn. Ẹlòmíràn di wàláà kan mú títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n rẹ̀.

Lọ́dún 1953, Màmá ṣe wòlímọ̀ wọn, ìyẹn ayẹyẹ ẹni tó ka Kùránì parí. Wọ́n jókòó lórí ẹní níwájú ìta, ìborùn funfun lórí, gbogbo àdúgbò sì pagbo. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ará wa mọ̀ pé kì í ṣe Alfa nìkan ló ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ lè na ìka sójú ìwé kó ní, "Ka ibí." Ìyá arúgbó kan tí kò wọ ilé kéú rí ló kọ́kọ́ na ìka. Màmá kà á. Àwọn èèyàn bi ìyá náà pé báwo ló ṣe máa mọ̀ bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, ó ní, "Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Kò bẹ̀rù mi. Ó mọ̀ ọ́n." Màmá kò gbàgbé ọ̀rọ̀ ìyá yẹn títí ayé.

Wọ́n ka ìwé mẹ́wàá, wọ́n sì wọ yunifásítì nílùú Kumasi níbí lọ́dún 1961 láti kọ́ iṣẹ́ apòògùn. Wọ́n gboyè lọ́dún 1965. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ Alhaji Jímọ̀h Ọládipọ̀, mẹkáníìkì ní Suame, tí ẹ rí tí wọ́n jókòó síwájú yín lónìí. Àwọn kan nínú ẹbí sọ pé kí ni ọmọ yunifásítì ń wá lọ́dọ̀ ẹni tó fi epo ẹ́ńjìnnì para. Màmá dá wọn lóhùn pé ọkùnrin náà ni ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn dópin kó tó fèsì. Àwọn tó sọ̀rọ̀ nígbà náà ti kú. Ọlọ́run kẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì í.

Lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde, ilé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Alhaji Bákàrè padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì sùn sí. Màmá dúró pẹ̀lú ọkọ, ọmọ àti ìyá wọn. Bí ẹnì kan bá bi wọ́n pé ìlú wo gan-an ni tiwọn, wọ́n á ní, "Orúkọ mi ni Àṣàbí, orúkọ mi ni Akua. Èwo lo fẹ́ lé lọ nínú wọn?"

Láti ọdún 1966 títí di 1986, ìdí fèrèsé ilé oògùn ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn ìlú yìí ni Màmá ti ṣiṣẹ́. Fèrèsé náà kéré, irin sì wà lójú rẹ̀. Ọwọ́ kan á na ìwé dókítà wọlé, Màmá á na oògùn jáde, wọ́n á sì fi ohùn ìyá wọn lé e lédè Twi pé, "Didi ansa," ìyẹn ni pé jẹun ná kí o tó lò ó. Wọ́n sọ ọ́ fún arúgbó, wọ́n sọ ọ́ fún sọ́jà, wọ́n sọ ọ́ fún ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá. Àwọn ìyá Asawase àti Tafo fi tọ́ ọmọ. Nígbà tí Màmá sì ti Mẹ́kà dé lọ́dún 1979, Hajia Didi ni àwọn ọmọdé ń pè wọ́n lójú títì.

Lọ́dún 1983, iná jó oko, ebi mú gbogbo ilẹ̀ Ghana. Bàbá arúgbó kan na ọwọ́ gba inú fèrèsé, Màmá fún un lóògùn, wọ́n ní, "Didi ansa." Bàbá náà kò mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Hajia, oògùn ti dé ọwọ́ mi. Oúnjẹ tí ẹ ní kí n kọ́kọ́ jẹ ni mò ń retí." Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ gbé gàrí ọ̀sán tiwọn fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n sọ fún Bàbá pé, "Ogún ọdún ló ń lọ yìí, ọwọ́ ni mò ń rí. Mi ò rí èèyàn."

Bàbá ní, "Ìyá Ṣẹ̀rífù, ní Suame, bí ẹnì kan bá dúró sójú fèrèsé tó ń júwe ohun tó ń ṣe lọ́rì, a máa ń da omi lé e lórí ni. Lọ síbi tí ẹ́ńjìnnì wà."

Ibi tí ẹ́ńjìnnì wà ni Amẹ́ríkà, ìlú Détróìtì, tí Màmá rí àǹfààní ẹ̀kọ́ lọ lọ́dún 1986. Rẹ́sídẹ́ńsì ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà lọ́hùn-ún. Apòògùn tó ti gboyè tán á tún lọ kọ́ṣẹ́ sí i nínú wọ́ọ̀dù gan-an, lábẹ́ ojú ọ̀gá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláìsàn tó wà lójú ikú, àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, tí oògùn ń kán sí iṣan wọn láìdáwọ́ dúró. Ọ̀wọ́ yẹn ni Màmá yàn. Ojúọlápé, ìyá Màmá, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Àṣàbí, o ti lé lógójì, o ti lọ sí Mẹ́kà, ọmọ rẹ ti ń fá irùngbọ̀n, o wá fẹ́ lọ máa gbé nílé ìwòsàn?"

"Ẹ̀kọ́ ni, Ìyá."

"Ẹ̀kọ́ wo ni kò tíì tán?"

"Èyí tí wọn ò tíì jẹ́ kí n fọ wàláà rẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Màmá fi ránṣẹ́ sílé láti Détróìtì ni pé òtútù fẹ́ já àwọn létí. Ìkejì ni pé, "Ilé kéú ni àwọn èèyàn yìí ń ṣe, wọn ò kàn mọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀dì ni wàláà wọn."

Wọ́n padà dé lọ́dún 1988. Ilé ìwòsàn náà ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí ara wọn le jù. Màmá lọ bá ọ̀gá wọ́ọ̀dù náà, Dókítà Yaw Sarpong, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa kọ́ àwọn apòògùn níṣẹ́ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dókítà Sarpong wà níbí lónìí, kò sì ní bínú sí wa tí a bá sọ ohun tó sọ. Tó bá fẹ́ bínú náà, kó bínú. Ó ní, "Hajia, a ní dókítà, a ní nọ́ọ̀sì. Kí ni apòògùn ń wá níbẹ̀? Ṣé oògùn kò mọ ọ̀nà wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni?"

Màmá ní, "Ó mọ̀ ọ́n, Dókítà. Ibi tó ń yà sí lọ́nà ni mo fẹ́ mọ̀."

Ó jiyàn títí, ó rẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn, ní òpin ọdún 1989, nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀, ó fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Títí ọyẹ́ fi máa lọ. Tí ọyẹ́ bá lọ tí mi ò rí ìwúlò yín, ẹ padà sídìí fèrèsé, kí ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ mọ́ títí màá fi fẹ̀yìn tì." Gbogbo ohun tí Màmá torí ẹ̀ sọdá òkun wá dúró lórí bẹ́ẹ̀dì kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo náà ni wọ́n ní. Alfred lorúkọ rẹ̀, ọmọ Tafo, ọ̀dọ́ apòògùn tó fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ nílé ìtajà oògùn. Ìyá rẹ̀ kò fara mọ́ ọn rárá. Ó ń sọ káàkiri Tafo pé ọmọ òun kàwé tán, ó tún lọ di ọmọ kéú lọ́dọ̀ Hajia kan ní Asawase. Alfred fúnra rẹ̀ bi Màmá pé, "Maame Hajia, tí mo bá parí, ìwé ẹ̀rí wo lẹ máa fún mi?"

"Ilé ìwòsàn wa kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wòlímọ̀ ni màá ṣe fún ọ."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Wàá jókòó lórí ẹní níwájú gbogbo ayé, ẹni tó bá sì wù ú á bi ọ́ níbèérè."

"Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Presbyterian?"

"Ta ló bi ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹní ni mo sọ."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Alfred kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì mìíràn. Ohun gbogbo tó ń wọ inú aláìsàn náà, ohun gbogbo tó ń jáde, oògùn wo ló ń bá oògùn wo jà, kíndìnrín ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́, kó mọ̀ ọ́n, kó lè sọ ọ́ lójú Màmá àti lẹ́yìn Màmá, àti nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbá ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá a lẹ́sẹ̀. Bó bá ti ṣì í, Màmá á ní, "Wàláà yẹn kò tíì fọ̀ o." Àwọn dókítà kékeré á máa rẹ́rìn-ín. Màmá á yíjú sí wọn, wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà, ẹ̀rín á parẹ́.

Inú ọyẹ́ yẹn ni wọ́n gbé Ama wá sórí bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà. Télọ̀ ni, ọmọ Tafo, ibà ló gun orí rẹ̀, gìrì sì ń mú un léraléra. Kò lè gbé nǹkan mì, torí náà wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín gba imú rẹ̀ dé ikùn, ibẹ̀ ni oúnjẹ àti oògùn gìrì ń gbà. Gìrì náà kò dáwọ́ dúró. Dókítà Sarpong fi kún oògùn náà, kò dúró. Ó tún fi kún un. Gìrì ṣì ń dé, ọyẹ́ sì ń tán lọ.

Alfred jókòó ti wàláà rẹ̀. Ó wá rí i pé bí aago oògùn bá ti fẹ́ lù, ìyá àgbà Ama á ti dé pẹ̀lú fúláàsì kóókó gbígbóná, ìyẹn ẹ̀kọ mímu tó lóúnjẹ nínú dáadáa, tí wọ́n ti fi asẹ́ sẹ́. Nọ́ọ̀sì á da kóókó sínú rọ́bà, á da oògùn tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ìgbà gbogbo ni, kò yẹ̀. Alfred bi ìyá náà pé, "Nana, kí ló dé tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ń ṣáájú oògùn dé?"

Ìyá náà wò ó bí ẹni tí wọn ò tọ́ dáadáa. Ó ní, "Ṣé inú òfìfo lo fẹ́ ká da oògùn sí ni? Láti ìgbà tí Ama ti wà lẹ́yìn mi ni Hajia ojú fèrèsé ti kọ́ mi. Didi ansa. Mo ti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yín náà."

Alfred ti kà á nínú ìwé tí Màmá kó dé pé oògùn gìrì yìí ní ìwà tirẹ̀. Bí ó bá pàdé oúnjẹ nínú rọ́bà, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, á sì bá a kọjá lọ láìwọ ẹ̀jẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé bí dókítà bá ń fi kún un ṣáá, lọ́jọ́ tí kóókó bá dáwọ́ dúró, gbogbo rẹ̀ lè wọlé pa pọ̀ kó ṣe aláìsàn ní jàǹbá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà, nọ́ọ̀sì àti Màmá pé yí Ama ká. Dókítà Sarpong ti fẹ́ fi kún oògùn náà lẹ́ẹ̀kẹta. Alfred ní kó jọ̀ọ́, kó dúró, ó sì ṣàlàyé ohun tí kóókó ń ṣe. Ó ṣe é dáadáa, àmọ́ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Dókítà Sarpong kọjú sí àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní, "Ta ló ní kí ẹ máa fún un lóúnjẹ ṣáájú oògùn?"

Alfred ń wo bàtà rẹ̀. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́nu Kumasi. Àwọn nọ́ọ̀sì lè ru ẹ̀bi náà, bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà á sì wà lọ́wọ́ Màmá. Màmá kò tilẹ̀ jẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì la ẹnu.

"Èmi ni, Dókítà. Ogún ọdún ni mo fi kọ́ gbogbo ìlú yìí. Fún oògùn púpọ̀, ó tọ̀nà. Fún èyí, nínú rọ́bà yìí, kò tọ̀nà. Ká ní ìdí fèrèsé ni mo ṣì wà, títí màá fi kú, mi ò ní mọ̀."

Dókítà Sarpong ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ọyẹ́ ti fẹ́ lọ?"

"Mo mọ̀."

Ìyá àgbà Ama, tó dúró tì wọ́n tí kò gbọ́ èdè òyìnbó tí wọ́n ń sọ, ní kí Alfred túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Alfred túmọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà náà gbé fúláàsì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ má lé e o. Mo ti bá ilé ìwòsàn yìí lò láti ìgbà èwe mi. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tó ní òun ló ṣe é."

Ẹ̀rín mú Dókítà Sarpong, kò sì fẹ́ rín in, ó wá ń húkọ́. Ó pàṣẹ pé kí oúnjẹ máa dúró kí oògùn tó wọlé, kó tún dúró díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n dín oògùn náà padà sí iye tó yẹ, kí Alfred sì máa ṣọ́ ọ. Gìrì náà ń dínkù, ó ń dínkù, ó dáwọ́ dúró. Ama fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde ní wọ́ọ̀dù, ìyá àgbà rẹ̀ ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú fúláàsì. Ama ló rán ìborùn tí Màmá fi kọjú sí Kíbúlà kírun nígbà ìkẹyìn. Ó wà láàárín àwọn obìnrin tó jókòó lápá ọ̀tún yẹn. Ama, jọ̀ọ́ gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n rí ọ.

Ọyẹ́ lọ, òjò bẹ̀rẹ̀. Màmá kò lè mú ọ̀rọ̀ mọ́ra, wọ́n lọ bá Dókítà Sarpong lọ́fíìsì rẹ̀. Omi òjò ń sán lórí páànù. Wọ́n ní, "Dókítà, ọyẹ́ ti lọ o." Ó wo ojú fèrèsé, ó ní, "Hajia, ètè mi ṣì ń gbẹ. Ẹ gba bẹ́ẹ̀dì kejì." Lọ́dọọdún láti ìgbà náà, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, Màmá á bi í, òun náà á sì dá wọn lóhùn pé ọyẹ́ kò tíì lọ. Gbogbo bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù náà ló ti bọ́ sọ́wọ́ ilé kéú wọn báyìí.

Lóṣù Kẹsàn-án, ọdún 1990, wọ́n ṣe wòlímọ̀ Alfred nínú àgbàlá wa níbí. Kóòtù ló wọ̀, ó ká ẹsẹ̀ jọ lórí ẹní bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́. Dókítà bi í níbèérè, nọ́ọ̀sì bi í. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀, tó ti lejú láti Tafo wá, na ìka sí i. Ó ní, "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń lò, kí ló dé tí kì í jẹ́ kí n jókòó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ìtọ̀ tó gbọ̀n mí?" Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Alfred kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún un lédè Twi, ohun tí oògùn náà ń ṣe nínú kíndìnrín, ìdí tí omi fi ń jáde, ìgbà tó yẹ kó lò ó lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó tú ojú ká, ó sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò dá mi lóhùn láìbẹ̀rù mi rí. Ó mọ̀ ọ́n." Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn èèyàn rò pé nítorí Alfred ni. Àwa nìkan la mọ̀ pé wọ́n tún ń gbọ́ ohùn ìyá arúgbó ọdún 1953.

Láti ìgbà náà, àwọn apòògùn ti wá láti Tamale, láti Cape Coast, láti Accra pẹ̀lú gbogbo ìgbéraga wọn, wọ́n jókòó lórí ẹní yẹn. Mùsùlùmí jókòó, onígbàgbọ́ jókòó. Alfred ló ń darí ẹ̀kọ́ náà báyìí, ìyá rẹ̀ sì ti sọ gbogbo Tafo di olùbéèrè.

Nínú ẹ̀sìn, Màmá kò fi ìrun ṣeré, wọn ò sì fi ààwẹ̀ ṣe ojú ayé. Àwọn ni ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa láti ọdún 1991. Ṣáájú gbogbo ààwẹ̀, wọ́n máa ń jókòó ní fàráńdà, kí àwọn aláìsàn kó oògùn wọn wá, kí wọ́n lè sọ ẹni tó lè gbààwẹ̀ àti ẹni tí kò gbọdọ̀ dán an wò. Wọ́n lé àwọn alágídí kan lọ jẹun lọ́sàn-án gangan, Lèmọ́mù sì wà lẹ́yìn wọn. Wọn ò sọ "Didi ansa" fún ẹnikẹ́ni mọ́. "Mú un wá kí n wò ó, kí n sì wo ìwọ náà" ló di ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Ọkàn Màmá kò ṣe dáadáa láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá. Ní ọjọ́ Àtìnì, 8 oṣù Kejì ọdún yìí, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, wọ́n ní kí Bàbá bá àwọn tún ìrọ̀rí ṣe. Bàbá tún un ṣe. Wọ́n ní ó ti dára, wọ́n sì lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni wọ́n.

Wọ́n fi sílẹ̀ láyé lọ: Bàbá wa, Alhaji Jímọ̀h Ọládipọ̀. Àwọn ọmọ wọn: Ṣẹ̀rífù, mẹkáníìkì ní Suame. Rámátù, olùkọ́ ní Santasi. Àlímì, tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti dá ilé bàbá àgbà rẹ̀ padà sípò. Àti Salámátù, nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọọmọ wọn pọ̀, Ọlọ́run bù sí wọn, èyí tó kéré jù nínú wọn ni Ojúọlápé, tó ti ń fi ohùn ta ohun tí kò tà. Àti àwọn ọmọ orí ẹní, tí Màmá kò bí, tí wọ́n pariwo mọ́ bí ẹni tí wọ́n bí.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kẹ́yìn lọ́wọ́ Màmá ni Akosua, ọmọ Santasi. Òní, 19 oṣù Kẹta, ni wọ́n ti dá fún wòlímọ̀ rẹ̀ kí ikú tó dé. Àwọn kan nínú ẹbí ní ká sún un síwájú, pé kò bójú mu. Akosua pàápàá ní ojú ń ti òun. Ṣùgbọ́n Màmá ti sọ ọ́ lórí ibùsùn wọn, Salámátù sì gbọ́: "Bí mo bá kú, ẹ má fi òkú mi dí ọmọ náà lọ́wọ́. Ẹ tẹ́ ẹní náà síbi tí màá ti gbọ́ ọ."

Nítorí náà, lẹ́yìn àdúrà, ẹ má tíì dìde. Ẹní wà nílẹ̀ níwájú ìta, lábẹ́ ojú fèrèsé yàrá Màmá, Akosua á sì jókòó lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò tó ó bi léèrè. Ẹ̀yin dókítà, ẹ bi í. Ẹ̀yin ìyá Tafo, ẹ bi í. Ẹ tú oògùn tó wà ní àpò yín jáde, kí ẹ na ìka sí i. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, ẹ wo ojú rẹ̀. Dókítà Sarpong ló máa kọ́kọ́ béèrè, ó sì ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ọyẹ́ kò tíì lọ.

Àṣàbí, ọmọ Bákàrè, ọmọ Ojúọlápé, Akua Kumasi, Ọlọ́run fi àlùjánnà ṣe ilé yín. Wàláà yín ti fọ̀, ó mọ́ tónítóní. Ẹ sùn re o, Màmá. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀, ọmọ yín fẹ́ kà.